Òwú Pupa Abẹ́ Dáṣíbọ́ọ̀dù

                                        Ṣọ́ọ̀bù Oníná Mọ́tò,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Ojú Ọ̀nà Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Fíúsì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti gbogbo agbo ilé rẹ. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Aránṣọ wa ńkọ́, ìyàwó rẹ tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ilé kejì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti tú rédíò ilé yín palẹ̀, wọn kò sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà tò ó padà. Má nà wọ́n o, ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ló máa jọ. Ẹ̀yìn rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ṣú ńkọ́? Ṣé o ṣì ń fi ìgò omi gbígbóná jó o? Mo gbàdúrà pé kí ara rẹ ti le.

Ní tiwa, a dúpẹ́. Ọkọ mi ń kí ọ. Bọ́ọ̀sì iléèwé náà ló ṣì ń wà. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti sọ ọ́ ní "Bàbá Ẹ Jókòó," nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Àbígbẹ̀yìn mi ti wọ kíláàsì kẹta. Èmi náà rèé, mo ti sanra díẹ̀, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò gbà mí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fipá wọ ibẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Orí àga ọkọ̀ àlòkù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èyí tí irin rẹ̀ máa ń gún ènìyàn ní ìdí, ni mo jókòó sí kà á. Mo rò pé ìròyìn àwọn ìbejì ni, mo ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Ìgbà tí mo dé ìlà karùn-ún, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Fíúsì, ọdún mẹ́jọ! Ọdún mẹ́jọ ni o fi gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ káàkiri láìsọ fún ẹnì kankan, títí kan ìyàwó rẹ! Àánú rẹ ṣe mí débi pé mo ká lẹ́tà náà sápò, mo lọ bu omi mu, kí n tó lè padà wá kà á parí.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí ó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé n kò ṣì ọ́ gbọ́. Họ́ọ̀nù ọkọ̀ Màmá, ìyàwó Ọ̀gá wa, ló ń dún nígbà tó bá wù ú, tí kì í sì í dún nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà lé ọ lọ́wọ́. Èmi ti lọ ra wáyà. O tú sítíárìn, o sì kan ribọ̀nì pẹlẹbẹ tó ká bí ìkarahun ìgbín sínú ike lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń gbé iná lọ fún họ́ọ̀nù, tó sì tún ń gbé e lọ fún báàgì afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wú jáde gba àyà awakọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. O kánjú, o kò dá a sí àárín kí o tó tò ó padà. Bí o ṣe yí sítíárìn dé òpin báyìí, apá kan ribọ̀nì náà já. Họ́ọ̀nù ń dún, ṣùgbọ́n iná ìkìlọ̀ báàgì náà pọ́n sílẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó kọ̀, kò kú.

Ẹ̀rù bà ọ́. O gé wáyà iná ìkìlọ̀ yẹn kúrò níbi tó yẹ kó ti máa gba ọ̀rọ̀, o so ó mọ́ ti iná epo ẹ́ńjìnì, kí àwọn méjèèjì máa jọ tàn, kí wọ́n sì máa jọ kú bí ọkọ̀ bá ti jí. Ẹni tó bá wò ó, yóò rò pé ara ọkọ̀ dá ṣáṣá. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, o ní àbúrò bàbá rẹ ń pè ọ́, o di ẹrù rẹ, o lọ, láti ọjọ́ náà o kò fọwọ́ kan mọ́tò mọ́. Fíríìjì lo ń tún ṣe. Èmi sì ti ń bínú sí ọ láti ìgbà náà, mo rò pé o ti rí iṣẹ́ tó mọ́ ju tiwa lọ ni, àṣé ìtìjú ló lé ọ lọ. Forí jì mí.

Ní báyìí o ti gbọ́ pé ojú Ọ̀gá ti ń ṣú, pé Màmá ló ń wa ọkọ̀ yẹn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lórí títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà. O ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ mọ́. O ní bí ohunkóhun bá ṣe wọ́n lójú ọ̀nà, ìwọ lo pa wọ́n. O bẹ̀ mí pé kí n yọ́ lọ tún un ṣe, kí Ọ̀gá má sì gbọ́.

N kò dá ọ lẹ́bi. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ta ni yóò gbàgbé òfin ọrùn ní ṣọ́ọ̀bù wa? Ohun tí o bá bà jẹ́, òun ni Ọ̀gá yóò fi wáyà so mọ́ ọ lọ́rùn, wàá sì máa gbé e kiri níwájú oníbàárà títí a ó fi tilẹ̀kùn. O kò gbọdọ̀ bọ́ ọ fúnra rẹ, àfi kí Ọ̀gá bọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi gbé mọ́tò tó ń jí ẹ́ńjìnì, èyí tó ti jóná, fún odidi ọjọ́ kan, ọrùn mi wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìwọ gbé àtùpà iwájú ọkọ̀, aránṣọ kan láti òdìkejì títì sì béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá o lè tan iná náà kí òun fi rí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ wá di tọkọtìyàwó, nítorí náà a kò lè sọ pé òfin ọ̀hún kò ṣe rere kankan. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ribọ̀nì yìí já, o ti wọ nǹkan lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì ná. Ta ni yóò fẹ́ wọ ẹ̀kẹta, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọkọ̀ ìyàwó Ọ̀gá?

Ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. O rántí òwú wa: Ọ̀gá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni so wáyà pọ̀ láìdi òwú tirẹ̀ lé téèpù lórí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà bí ó bá jó. Tìrẹ pupa, tèmi aláwọ̀ ewé, ti Ọ̀gá funfun. O kọ ọ́ pé níbi tí o ti ń ṣe àṣírí yẹn gan-an, ọwọ́ rẹ ti di òwú pupa lé e kí orí rẹ tó mọ̀. Fíúsì! Olè wo ló ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti jalè? Ìwọ nìkan náà ni. Mo rí i níbẹ̀ pé ọwọ́ rẹ jẹ́ olóòótọ́ ju ẹ̀rù tó ń bà ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo bá Màmá nílé, mo parọ́ fún wọn. Mo ní mo fẹ́ fọ orí bátìrì ọkọ̀ wọn, pé mo ti rí nǹkan funfun kan tó ń hù níbẹ̀. Màmá ní kí n máa gbé e lọ, pé kí n má kàn dá a dúró kọjá agogo mẹ́rin, nítorí dókítà ń retí àwọn lọ́jọ́ kejì. Àárín ìlẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí bí wọ́n ti ń na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ẹ̀rín wà lójú wọn. N kò lè wo ojú yẹn tààrà.

Mo gbé ọkọ̀ náà dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wà níwájú lórí àga gbọọrọ wọn, pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú. Wọ́n ń rí ènìyàn báyìí bí ẹni tó dúró lẹ́yìn aṣọ títa, ṣùgbọ́n etí wọn, háà, etí yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Bí ọkọ̀ bá kọjá lójú títì, wọn á ní, "Bẹ́líìtì ìyẹn ti gbó," a ó sì bá a bẹ́ẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí Ọ̀gá kọ́ wa: wò ó kí o tó tú u. Mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná ń tàn, n kò jí ẹ́ńjìnì. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn. Mo dójú lé méjì nínú wọn, iná epo àti iná báàgì, mo sì ń kà lọ́kàn. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bá ṣì wà níbẹ̀, méjèèjì yóò jọ wà ní títàn títí n ó fi jí ọkọ̀. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ní ẹ̀fà, iná báàgì kú fúnra rẹ̀, ní jẹ́jẹ́, bí ó ṣe yẹ kí ó kú nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá. Iná epo nìkan ló kù tó ń wò mí.

Mo pa á, mo tún un ṣe. Bákan náà ni. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Kàkà bẹ́ẹ̀, ara mi bù máṣọ. Mo rò ó pé bóyá ẹlòmíràn ti wọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ tó sì ṣe àrékérekè tó ju tìrẹ lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí iná tàn fún ìgbà díẹ̀ kó sì kú, láti fi tan ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. O mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Iná tó kú kì í ṣe ẹ̀rí pé báàgì wà láàyè. Kò sí ọgbọ́n mìíràn, àfi kí n tú u.

Fíúsì, bí mo ṣe mú sípánà lọ́wọ́, bí ẹni pé ohùn Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ létí mi ni, ohùn ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ohun tó wà nínú sítíárìn kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán, ẹ̀tù ló ń lé e jáde, ó sì lè fọ́ àgbọ̀n ènìyàn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. Mo tọ́ táyà iwájú síbi gbọọrọ. Mo tú orí òdì bátìrì, mo fi aṣọ wé e kó má bàa padà kan ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, nítorí àpótí kékeré tó ń darí báàgì náà máa ń fi iná díẹ̀ pamọ́ sínú fún ìgbà tí bátìrì bá já nínú ìjàǹbá. O rántí ohun tí à ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣe. Ọ̀gá kò gbà pé ọmọ iṣẹ́ lè wo aago láìparọ́. Ìgbálẹ̀ ni: láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ògiri ẹ̀yìn, kí o sì kó o dà nù. Bí o bá parí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé.

Mo fa ìgbálẹ̀ yọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ọwọ́ mi ló mú un, ìwọ nìkan kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú orí. N kò rántí rárá pé ọ̀sán gangan ni, pé àárọ̀ ni a máa ń gbálẹ̀, àti pé ẹnì kan wà níwájú tó ń fi etí ríran.

Nígbà tí mo gbálẹ̀ tán, mo fọwọ́ kan irin ara ọkọ̀ kí iná ara mi lè wọlẹ̀, mo wá wọlé. Mo fa sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè náà yọ, mo gbé báàgì jáde, mo gbé e sórí tábìlì, ojú rẹ̀ sókè, kí ó lè jẹ́ pé òkè ni yóò lọ bí ó bá ṣèèṣì bú. N kò fi tẹ́sítà kàn án o, má bẹ̀rù. Mo wá wo ike ribọ̀nì. Fíúsì, tuntun ni! Kì í ṣe èyí tó bá ọkọ̀ náà jáde. Dídán ló ń dán, ó wà ní àárín géérégé, àmì rẹ̀ dojú kọ àmì. Mo dùbúlẹ̀, mo fipá wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wá ibi tí o sọ. Wáyà iná báàgì ti padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n fi òjé jó o pọ̀ dáadáa, wọ́n fi téèpù wé e, wọ́n sì di òwú lé e lórí.

Òwú funfun.

Ibẹ̀ ni mo wà, orí mi nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi níta, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀. "Ṣé o ti rí òwú mi?"

Mo fi orí gbá irin. Ọ̀gá dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn lórí òrùlé ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, ó ti tú bátìrì ni, báàgì ló fẹ́ tú. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn níbí. Ta ló rán ọ, Pílọ́ọ̀gì?"

Mo fẹ́ parọ́ bátìrì fún àwọn náà. Mo la ẹnu, irọ́ náà kò jáde. Fíúsì, dárí jì mí, mo sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé o bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá dúró níwájú ojú tí kò ríran dáadáa yẹn, tí ojú náà sì ń wò ọ́ bí ẹni tó ti ń retí nǹkan tipẹ́, ìwọ náà yóò sọ ọ́.

Wọn kò bínú. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn gbé agolo mílíìkì tó wà lókè àpótí irinṣẹ́ àwọn wá, èyí tí a máa ń rò pé nọ́ọ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga irin tó ń gúnni yẹn, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, wọ́n ṣí agolo náà. Wáyà kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka lọ, téèpù dúdú lára rẹ̀, òwú pupa lórí téèpù. Lábẹ́ rẹ̀ ni ribọ̀nì tó já náà wà, wọ́n ká a jọ bí ẹni tó ká ìwé pàtàkì.

Gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ kejì tí o ṣe iṣẹ́ náà ni Màmá lọ rí oníṣègùn eyín, Ọ̀gá sì ń dúró de wọn nínú ọkọ̀. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láti gbọ́ ìròyìn nínú rédíò. Ìròyìn parí, iná báàgì kò kú. Wọ́n jí ọkọ̀, ó bá iná epo kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fà á wá sẹ́yìn ilé, wọ́n tú bátìrì rẹ̀, Màmá sì ń wọ bọ́ọ̀sì títí ribọ̀nì tuntun fi dé. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tún un ṣe ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọjọ́ méjì, Fíúsì! Ọjọ́ méjì péré ni ọkọ̀ náà fi rìn láìní báàgì. Ìwọ wá fi ọdún mẹ́jọ ṣọ̀fọ̀ àwọn tí kò kú.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ. Wọ́n ní àwọn ń retí kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ ni. Wọ́n ní ọjọ́ kẹta, àwọn jókòó tì ọ́ bí o ti ń jẹun, àwọn bi ọ́ bóyá nǹkan kan wà tí o fẹ́ bá àwọn sọ, o ní rárá sà. Ṣé o rántí? Ọjọ́ kẹrin, o ti lọ. Inú bí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń ròyìn rẹ fún Màmá ní alaalẹ́ pé ọmọ náà pa ewu mọ́ sínú ọkọ̀ àwọn. Màmá gbọ́ ọ títí ó sú wọn, wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ló kọ́ ọ pé kó pa á mọ́?"

Ọ̀gá ní ìbéèrè yẹn ni àwọn ṣì ń gbé kiri títí dòní. Wọ́n ní, "Ọmọ tó bá mọ̀ pé mo máa so ó mọ́ òun lọ́rùn, kí ló fẹ́ sọ fún mi? Èmi ni mo kọ́kọ́ gé wáyà ìkìlọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Òun kàn gé èyí tó kù ni."

Fíúsì, ìgbà yẹn ni nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sí ẹnì kankan tó tún gbé nǹkan lọ́rùn mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ba nǹkan jẹ́, wọn á pariwo láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pé, "Ọ̀gá, mo ti bà á jẹ́ o!" bí ẹni tó ń pe oníbúrẹ́dì. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ogbó ló ti mú Ọ̀gá rọ̀. Kì í ṣe ogbó. Ìwọ ni.

Mo sunkún, kí n má parọ́. Mo fi apá aṣọ iṣẹ́ mi nu ojú, gíríìsì rẹ̀ ta mí lójú, mo tún sunkún ìyẹn náà.

Ọ̀gá kò sunkún. Wọ́n mú ribọ̀nì tó já náà jáde nínú agolo, wọ́n ní kí n fún àwọn ní wáyà kékeré kan. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dì í ni. Wọ́n fi wáyà náà gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì so ó mọ́ ọrùn ara wọn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, pé Màmá ń retí ọkọ̀ ní agogo mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rẹ̀. Awakọ̀ kan tó wá gba ọkọ̀ rẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Nǹkan tí mo bà jẹ́ ni." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé oògùn ojú ni.

Èmi padà sídìí ọkọ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, mo ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ìyeyè náà títí ó fi dún kẹ́, mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọkọ̀ kí n tó da orí bátìrì padà. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti na ọwọ́ wọlé yí kọ́kọ́rọ́, n kò gbé ojú síwájú sítíárìn. Ní ẹ̀fà, iná kú. Màmá gbé ọkọ̀ wọn lọ ní agogo mẹ́rin ku díẹ̀. Fi ọkàn rẹ balẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí o sì jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ dé, a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá Ọ̀gá láti bọ́ nǹkan náà kúrò lọ́rùn wọn. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé òfin ni, pé ẹni tó bà á jẹ́ kì í bọ́ ọ fúnra rẹ̀, àti pé kì í ṣe èmi náà ni yóò bọ́ ọ. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n tún wọ̀ ọ́ wá. Òní ni ọjọ́ kẹfà. Màmá ní ó ń ha Ọ̀gá lọ́rùn, pé àwọn ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ dé iwájú dókítà ojú pàápàá.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà. Dókítà ti sọ pé kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lọ́rùn wọn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjìlá ló kù. N kò fẹ́ tì ọ́, mo mọ bí ìtìjú ṣe ń wúwo. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún náà rèé, ó ti wà ní nínà láti ọdún mẹ́jọ, kò kàn rí ọ fà mọ́ra ni.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ gbogbo rẹ̀ fún un lónìí kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, kí o sì fún wọn ní sikirudiráfà gidi, kí wọ́n yé fi ṣíbí tú rédíò. Ọkọ mi ní yàrá wà. Màmá ní kí n kí ọ, pé àwọn kò bínú rí.

Mo bi Ọ̀gá láàárọ̀ yìí ohun tí mo lè bá wọn kọ sínú lẹ́tà. Mo rò pé wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ribọ̀nì náà lọ́rùn wọn, wọ́n ní, "Sọ fún un pé ó ti ń wúwo. Kó wá bá mi bọ́ ọ."

Èmi tí a jọ gbé nǹkan lọ́rùn rí,

Pílọ́ọ̀gì, ọ̀rẹ́ rẹ.